Ṣé ìrònú ló ń fa jẹjẹrẹ?

Bí obìnrin kan bá rí kókó lọ́mú ní àdúgbò, ẹjọ́ á ti parí kí èsì àyẹ̀wò tó jáde. "Ìrònú ni. Ṣé ẹ ò rí bí ọkọ ẹ̀ ṣe fojú ẹ̀ rí màbo ni?" Bó bá jẹ́ ọkùnrin tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà ni, wọ́n á ní gbèsè ló dá a sí i lára, tàbí iná tó jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níjọ́sí. Kì í ṣe pé ẹni tó ń sọ ọ́ fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. Àánú ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún á rìn títí á fi dé etí aláìsàn, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun lòun fọwọ́ ara òun fà á, torí pé òun ò lè gbàgbé, torí pé òun ò lè dárí jì.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ààfáà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ ká tú u palẹ̀, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, àmọ́ èyí tí kì í ṣe òótọ́ pọ̀ ju òótọ́ ibẹ̀ lọ.

Ìdáhùn kúkúrú rèé: títí di òní, kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ìrònú tàbí másùnmáwo nìkan lè sọ ara tó dá ṣáṣá di ara tó ní jẹjẹrẹ. Ohun tí ẹ̀rí wà fún ni pé másùnmáwo lè ti èèyàn sọ́wọ́ àwọn nǹkan tó ń fa jẹjẹrẹ gan-an. Bí àìsàn náà bá sì ti wà lára, ọ̀rọ̀ á yí díẹ̀. A máa débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí másùnmáwo ń ṣe lára. Ẹ wọ dánfó ní Òwòròńṣòkí, Ọbáléndé lẹ ń lọ. Ẹ ti dé àárín Third Mainland Bridge, omi ọ̀sà wà lọ́tùn-ún lósì, dẹ́rẹ́bà ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì ka owó. Ló bá tẹ bíréèkì lójijì. Kí ẹ tó ráyè ké "Yéè!", àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì kan tó jókòó sórí kíndìnrín yín ti da ohun tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà ń lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ ń làágùn, ẹnu gbẹ, ẹ̀dọ̀ ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí iṣan lè rí agbára lò. Láìpẹ́, èyí tó ń jẹ́ cortisol á tẹ̀ lé e, òun ló ń jẹ́ kí ara wà ní ìmúrasílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ ti bú dẹ́rẹ́bà tẹ́rùn, ara á ti rọlẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí ẹkùn pa àwọn baba ńlá wa jẹ tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé wàhálà Èkó kì í parí sí Ọbáléndé. Lándíọ̀ọ̀dù fowó kún owó ilé. Owó iléèwé ń bọ̀. NEPA mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké títí ilẹ̀ fi mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Màrínà lójú ọ̀nà. Ara tó yẹ kó rọlẹ̀ kò ráyè rọlẹ̀. Oorun á máa fò, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á máa gòkè. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan másùnmáwo lórí àrùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìsoríkọ́, ẹ̀rí wà fún un. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi tán tó wá ní mo sọ pé ìrònú kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, kò kà á dáadáa.

Jẹjẹrẹ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wọlé. Ara wa kún fún sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pín ara wọn sí méjì láti rọ́pò èyí tó ti gbó. Ìlànà kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, DNA ni wọ́n ń pè é, tó ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó pín, ìgbà tó yẹ kó dúró àti ìgbà tó yẹ kó kú. Gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín ló máa ń da ìlànà yìí kọ fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, àṣìṣe sì máa ń wọ ibẹ̀. Ara ń tún èyí tó pọ̀ jù ṣe. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá ṣèèṣì kóra jọ síbi tó ń ṣàkóso pípín, sẹ́ẹ̀lì á di aláìgbọràn: á máa pín, kò ní kú, á máa bí irú ara rẹ̀ títí á fi di kókó.

Àwọn tó ń dá kún àṣìṣe yìí, a mọ púpọ̀ nínú wọn. Èéfín sìgá ń ba DNA jẹ́. Oòrùn ń ṣe é fún awọ ara, àwọn àfín ló sì ń jìyà rẹ̀ jù láàárín wa. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu nítorí pé wọn kò sá a gbẹ dáadáa máa ń ní oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹjọ́ náà. Àwọn èèyàn kan jogún jíìnì tó ti ní àbùkù, bíi BRCA1 àti BRCA2, lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá. Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀, torí pé bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń pín pẹ́ tó ni àṣìṣe ṣe ń rí àyè tó. Nígbà míì, ó kàn ṣẹlẹ̀ ni, kò sí ohun tí a lè tọ́ka sí. Èyí ló ṣòroó gbà jù fún wa, torí pé Yorùbá kì í gbà pé nǹkan kàn ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan tàbí ohun kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, òun gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà. Ọkọ obìnrin kan kú lọ́dún tó kọjá, ó rí kókó lọ́mú lọ́dún yìí, a so méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀, kókó tó bá ti tóbi débi tí ọwọ́ á fi kàn án lára ọmú, ó sábà máa ń ti lo ọdún mélòó kan níbẹ̀. Àjẹ́ kò tíì ké rárá nígbà tí sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ti ṣáko lọ. Ọkọ ṣì wà láàyè nígbà yẹn, ó ń jókòó síwájú ilé, ó ń ka ìwé ìròyìn.

Àìsàn tún máa ń mú kéèyàn tú inú ìrántí rẹ̀. Ẹ bi ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ ni bóyá nǹkan kan bà á lọ́kàn jẹ́ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, á ka mẹ́ta sílẹ̀ fún yín lọ́gán. Ẹ wá lọ bi ẹni tí ara rẹ̀ le koko ní Mushin ní ìbéèrè kan náà. Ta ló máa sọ pé òun ò rí nǹkan kan? Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí tó mọṣẹ́ kì í fi í dúró dìgbà tí àìsàn bá dé kí wọ́n tó béèrè. Àwọn tí ara wọn dá ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á bi wọ́n nípa wàhálà wọn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á wá dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n lè rí ẹni tí àìsàn máa mú.

Ọ̀kan nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣègùn BMJ lọ́dún 2013. Wọ́n pa ìwádìí 12 pọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Yúróòpù, èèyàn 116,056 ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n wo àwọn tí iṣẹ́ ń ni lára, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ bò mọ́lẹ̀ tí wọn kò sì láṣẹ lórí bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ní nǹkan bí ọdún 12 lẹ́yìn náà, jẹjẹrẹ ti mú 5,765 nínú gbogbo wọn. Àwọn tí iṣẹ́ ń ni lára kò ní i ju àwọn yòókù lọ, ì báà jẹ́ ti ọmú, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ìfun ńlá tàbí ti próstéètì. Lọ́dún 2016, irú èsì bẹ́ẹ̀ náà ló jáde lórí jẹjẹrẹ ọmú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti tọpa àwọn obìnrin tó lé ní 106,000.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan á máa sọ lọ́kàn báyìí: ṣé ìyẹn náà ni wàhálà? Ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ, tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń dé lásìkò? Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwádìí tó wá láti Denmark lọ́dún 2002 fi wúwo jù lọ́wọ́ mi. Àwọn òbí tí ọmọ kú mọ́ lójú ni wọ́n tọpa, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn òbí tí ọmọ wọn wà láàyè. Ikú ọmọ kò mọ òyìnbó, kò mọ dúdú. Kí Ọlọ́run má fi dán wa wò. Bí a bá sọ pé ìbànújẹ́ ń fa jẹjẹrẹ, ibẹ̀ ló yẹ kó ti hàn gbangba. Àlékún tó wà lára àwọn ìyá tó ṣọ̀fọ̀ yìí kò pọ̀, orí àwọn jẹjẹrẹ tí sìgá ń fà ló sì ti hàn jù. Ìbànújẹ́ ti ọwọ́ sí sìgá, sìgá ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn ìwádìí kan wà o tó sọ pé àwọn rí ìbátan láàárín ìdààmú ọkàn àti jẹjẹrẹ, mi ò ní fi wọ́n pamọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2023, wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní 300,000 jọ láti Netherlands, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Norway àti Kánádà, wọ́n sì wo ìsoríkọ́ àti àníyàn àníjù lára wọn. Ìbátan kankan kò sí pẹ̀lú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn jẹjẹrẹ náà. Èyí tó wà pẹ̀lú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn mìíràn tí sìgá ń fà, ó dín kù gan-an nígbà tí wọ́n yọ sìgá, ọtí àti ara sísanrà kúrò nínú ìṣirò.

Ẹ̀yìnkùlé ni másùnmáwo ń gbà, nígbà náà. Ẹ dé gáréèjì kankan láàárọ̀, ní Òṣòdì ni o, ní Ojúẹlẹ́gbá ni o. Kí aago méje tó lù, obìnrin alágbo ti to ìgò rẹ̀ sórí tábìlì: ti jẹ̀díjẹ̀dí, ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ti alé, ọgógóró ni wọ́n sì fi rẹ púpọ̀ nínú wọn. Kọ̀ńdọ́ á da kọ́ọ̀pù kékeré kan sọ́fun, á gbọn orí, á ṣáná sí sìgá, á sì fò mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tó ti ń rìn. Tí ẹ bá bi í, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Èkó le." Kò parọ́, Èkó le. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1988 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ: ti ẹnu, ti ọ̀nà ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n fi ti ìfun ńlá àti ti ọmú fún àwọn obìnrin kún un. Bí ọtí àti sìgá bá pàdé lẹ́nu ẹnì kan, ewu rẹ̀ fún ẹnu àti ọ̀fun ju kéèyàn ka ti ọtí kó wá fi ti sìgá lé e lọ. Ewé àti egbò inú ìgò náà kò ní kí ọtí má jẹ́ ọtí.

Àwọn ọ̀nà míì kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n wà: ẹni tó dé láti ọjà ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó jẹ ẹ̀bà ńlá, tó sùn lé e lórí, tí ara rẹ̀ ń sanra sí i lọ́dọọdún. Iṣẹ́ òru náà wà níbẹ̀. Àjọ kan náà sọ lọ́dún 2007, ó sì tún un sọ lọ́dún 2019, pé ó ṣeé ṣe kí ó máa dá kún jẹjẹrẹ. Aago inú ara ni iṣẹ́ òru ń dà rú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé mẹ́gáàdì ń ronú.

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, òun ló sì jẹ́ kí n máa fura sí "ìrònú ló fà á". Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Hans Selye, ní Montreal ní Kánádà ló ti ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó kọ sínú ìwé sáyẹ́ǹsì Nature lọ́dún 1936 ni ìmọ̀ nípa másùnmáwo ti hù jáde. Nígbà tó yá, tó di pé ayé ti rí i pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn tí wọ́n lè di ẹrù ẹ̀bi náà rù. Àwọn ìwé inú ilé wọn tí ilé ẹjọ́ mú kí wọ́n tú síta fi hàn pé wọ́n fún Selye lówó ìwádìí, òun náà sì jáde sọ ní gbangba pé sìgá lè ran ẹni tí másùnmáwo ń bá jà lọ́wọ́.

Kò tán síbẹ̀. Ní London, ògbóǹtarìgì onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá kan, Hans Eysenck, àti Ronald Grossarth-Maticek tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí kọ ìwé lórí ìwé pé irú ìwà kan ló ń fa jẹjẹrẹ, ìwà ẹni tó ń gbé ìbínú àti ìbànújẹ́ mì, àti pé ìwà yẹn ju sìgá lọ. Owó ilé-iṣẹ́ sìgá wà nídìí iṣẹ́ Eysenck náà. Lọ́dún 2019, nígbà tí Eysenck ti kú fún ọdún 22, King's College tó ti ṣiṣẹ́ ṣe ìwádìí, wọ́n sì sọ pé ìwé 26 tí àwọn méjèèjì jọ kọ kò ṣeé gbára lé. Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá àgbà ti kọ́ pé ìrònú ń pani. Ìgbàgbọ́ yẹn ti wà nílẹ̀ yìí kí sìgá tó dé. Àmọ́ ó yẹ ká mọ ẹni tó ń jèrè nígbàkígbà tí a bá fi ìrònú bo ohun tó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọgbẹ́ inú tí gbogbo wa ń pè ní ọ́lísà. Àìmọye ọdún ni àwọn dókítà fi sọ pé ìrònú àti ata ló ń fà á. "Má ronú mọ́, máa mu mílíìkì." Ní Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall rí bakitéríà kan nínú ikùn àwọn aláìsàn, Helicobacter pylori. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà wọ́n gbọ́. Lọ́dún 1984, Marshall gbé ife omi tó kún fún bakitéríà náà, ó gbé e mì, kò sì pẹ́ tí inú rẹ̀ fi wú, tó ń bì. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n gbà fún un lọ́dún 2005. Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú ni wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò wò sàn báyìí. Bakitéríà yìí kan náà tún lè yọrí sí jẹjẹrẹ ikùn bó bá pẹ́ lára. Ẹni tí wọ́n ní kó má ronú mọ́, tí kò rí oògùn lò, ṣé ẹ rí ibi tí ìmọ̀ràn rere yẹn ì bá gbé e dé?

Bí jẹjẹrẹ bá ti wà lára tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ibí ni mo ti ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé èkúté tó ní jẹjẹrẹ ilé-ẹyin síbi há-há kan tí wọn kò ti lè yíra padà, fún wákàtí mélòó kan lójoojúmọ́. Jẹjẹrẹ wọn dàgbà ju ti àwọn èkúté tí ara rọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dí adrenaline lọ́nà, ìyàtọ̀ yẹn pòórá. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì fi hàn pé adrenaline lè ran kókó tó ti wà nílẹ̀ lọ́wọ́ láti fa iṣan ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èkúté kì í ṣe èèyàn. Wọ́n ti ń dán oògùn náà wò lára àwọn aláìsàn díẹ̀díẹ̀, kò sì tíì di ìtọ́jú jẹjẹrẹ níbì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ rà á ní kẹ́míìsì. Ó lè dá ẹni tó ní ikọ́ fée dúbúlẹ̀.

Lára èèyàn, ohun tí wọ́n dán wò jù ni kí àwọn aláìsàn máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa sọ tinú wọn. Lọ́dún 1989, David Spiegel, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn Lancet pé àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn káàkiri, tí wọ́n wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ́ láyé ju àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ. Ìròyìn yẹn gba ayé kan. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní Kánádà, èsì jáde lọ́dún 2001: ẹgbẹ́ náà kò fi kún ẹ̀mí wọn, àmọ́ ìrora àti ìdààmú wọn dín kù. Spiegel fúnra rẹ̀ tún tirẹ̀ ṣe, ẹ̀mí gígùn ti àkọ́kọ́ kò sì jáde mọ́ lára gbogbo wọn. Lójú tèmi, ìrora tó dín kù tó nǹkan. Ẹni tó ń sùn lóru, tó ń jẹun, tí ọkàn rẹ̀ gbé e dé ibi ìtọ́jú lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, kí la tún fẹ́? A kàn lè má fi ẹ̀rù kún ẹrù rẹ̀ pé bó bá sunkún lóru òní, kókó á tóbi sí i lọ́la ni.

Mo jókòó ti màmá kan rí lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá dókítà, lára àwọn tó ń dúró de kẹmó, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ó di gbogbo èsì àyẹ̀wò rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú kan, ó gbé e lé itan. Ó ní, "Gbogbo wọn ní kí n má ronú mọ́. Mo wá ń ronú bí mo ṣe máa ṣe é tí mi ò fi ní ronú." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lọ́jọ́ náà, owó oògùn tó kàn ni, àti ẹni tó máa bá a ṣí ìsọ̀ rẹ̀.

Ibi tí "ìrònú ni" ti ń pani gan-an ni pé ó ń dá èèyàn dúró sílé. Bí ìrònú bá jẹ́ orúkọ àìsàn, ìsinmi, àdúrà àti àgbo ìfọ̀kànbalẹ̀ ló máa jẹ́ oògùn rẹ̀. Ta ló wá ń lọ yẹ ọmú wò? Lọ́dún kan, jẹjẹrẹ tuntun tí wọ́n ṣírò fún Nàìjíríà lé ní 120,000, ti ọmú ló ṣáájú, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń dé ilé ìwòsàn nígbà tó ti lọ jìnnà. Owó wà nídìí ẹ̀, ìbẹ̀rù wà nídìí ẹ̀, mi ò ní purọ́ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò nìkan ni. Láti ọdún 2019, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán ìgbàlódé ti wà ní ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kò ní ṣe ẹni tó wà nílé tó ń gbìyànjú láti má ronú láǹfààní kankan.

Ẹ wo ti ọrùn ilé-ọmọ. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní HPV, tí ìbálòpọ̀ ń tàn kálẹ̀, ló wà nídìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Harald zur Hausen, ará Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2008 torí pé ó tú àṣírí yìí. Ó máa ń tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí fáírọ́ọ̀sì náà tó sọ ibẹ̀ di jẹjẹrẹ, nítorí náà àkókò wà láti ká a mọ́. Obìnrin á dùbúlẹ̀, nọ́ọ̀sì á fi irinṣẹ́ kékeré kan ya ojú ara kó lè rí ọrùn ilé-ọmọ. Á ti òwú bọ inú omi kan tó ń rùn bíi fínígà tí a ń rà lọ́jà, torí pé ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì, á fi pa ibẹ̀, á dúró bí ìṣẹ́jú kan. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń yí padà á funfun, á hàn sí ojú lásán. Wọ́n lè fi òtútù tàbí ooru pa ibi funfun yẹn kó tó di nǹkan rárá, obìnrin á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ti wọ inú àjẹsára ọ̀fẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni.

Ti ẹ̀dọ̀ náà ní fáírọ́ọ̀sì tirẹ̀, hepatitis B, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, àjẹsára rẹ̀ sì wà fún ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí i.

Ẹni tó bá ní aláìsàn nílé, tó fẹ́ dín másùnmáwo rẹ̀ kù lóòótọ́, kó ṣe é lọ́wọ́: kó tẹ̀ lé e lọ síbi ìtọ́jú, kó bá a tọ́jú àwọn ìwé rẹ̀, kó lọ mú àwọn ọmọ wá láti iléèwé. Bí aláìsàn kò bá sùn mọ́, tí kò fẹ́ jẹun, tí ohun gbogbo sú u fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún dókítà tó ń wò ó, torí ìtọ́jú wà fún ìsoríkọ́, kò sì yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n darí yín sí.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń ṣe é ní kàyéfì: kókó lọ́mú tàbí lábíyá, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti tán pátápátá, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ikọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọgbẹ́ ẹnu tí kò jinná, ara tó ń jò láìnídìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ jẹjẹrẹ. Kò sí bí aládùúgbò, pásítọ̀ tàbí èmi tó ń kọ èyí ṣe lè fi ojú mọ èyí tó jẹ́ àti èyí tí kò jẹ́. Bó bá jẹ́ ti ọmú, abẹ́rẹ́ ni dókítà máa fi mú ẹran bíńtín níbi kókó náà, wọ́n á gbé e lọ sábẹ́ maikirosíkóòpù ní láàbù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ orúkọ rẹ̀.